Ọmọ Tó Sọnù Lẹ́ẹ̀mejì: Ìyá Alágbàtọ́ Nínú Ìtàn Àròsọ Ayé Ogun

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àròsọ tó dá lórí ayé àtijọ́, èyí tí ó dá lórí ìyá alágbàtọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ sọnù, tí yóò sì fún ẹni tó bá kà á ní okun inú. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gba iṣẹ́ náà. Ogun tó jà nílẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tú ọmọ ká bí ẹni tú àgbàdo ká, síbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ogun náà, ọ̀gágun ni à ń kọ. Ìbọn ni à ń kà, odi ìlú ni à ń wọ̀n. Ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ojú gbogbo ọmọ tó ń kọjá, a kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kí ó nù lọ. Ìyá ọmọ tó kú a sunkún, àwọn èèyàn a ṣìpẹ̀ fún un, yóò sì gba ìpẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ta ló lè ṣìpẹ̀ fún ìyá ọmọ tó nù? Tó bá gba ìpẹ̀, ó ti pa ọmọ náà lọ́kàn ara rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní gbà, tí yóò máa bu oúnjẹ ọmọ náà sọ́tọ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò lónìí ni ohun tí òwe náà ń ṣe nígbà tí ìyá tó wà nínú ìtàn kì í ṣe ìyá tó bí ọmọ. Lójú tèmi, ibí ni gbogbo agbára irú ìtàn yìí wà: ọmọ àgbàtọ́ ayé ogun ti sọnù lẹ́ẹ̀kan kó tó dé ọwọ́ alágbàtọ́ rẹ̀. Kí àdánù tó kan obìnrin yìí, ó ti kan obìnrin mìíràn. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá tún wá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ọjọ́ náà gan-an ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ojú obìnrin àkọ́kọ́ rí. Ìwé tí kò bá mú un dé ibẹ̀ lè pa wá lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò tíì sọ òtítọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Òṣóogùn. Ní ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná nínú ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àfàlá nígbà tí ogun wọ̀lú. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti fi okùn so ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n sì ń dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó tó ọmọ ọdún méjìlá wà níbẹ̀, Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pín Àjàyí fún yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún, bí wọ́n ṣe pín wọn níyà nìyẹn. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọjà ẹrú gbé e dé ìlú tí ìyá rẹ̀ wà, wọ́n sì ń rí ara wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n tún dè é, tí wọ́n mú un lọ, tí kò sí àyè láti dágbére fún ìyá.

Ẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú mi díẹ̀, nítorí òǹkọ̀wé tó bá yára kọjá níbẹ̀ ti pàdánù ohun tó ṣe iyebíye. Gbogbo wa la máa ń kọ ìgbà àkọ́kọ́ tí ogun pín ìyá àti ọmọ níyà, nítorí iná ń jó, ìbọn ń dún. Ìgbà kejì ló burú jù. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ariwo. Wọ́n rán ọmọ níṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ kò padà wálé. Àfàlá ti rí ọmọ rẹ̀ he, ó sì tún sọ ọ́ nù.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́, Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ obìnrin Mùsùlùmí kan tó ní ọmọkùnrin tirẹ̀. Obìnrin náà ń bọ́ ọ, ó ń mú un rìn kiri, òun àti ọmọ obìnrin náà sì jọ ń ṣeré. Bí a bá fẹ́ kọ ìtàn dídùn, ojú ìyá alágbàtọ́ la máa fi wo obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n ó ra Àjàyí ni. Nígbà tó sì yá, ó tà á. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún Pọtogí ló jẹ́ kí ọmọ náà gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837, nígbà tó ti ń jẹ́ Samuel Crowther.

Mo mú obìnrin yẹn wá nítorí pé mo ti ka àwọn ìtàn kan tí ìwà ìyá alágbàtọ́ inú wọn ti mọ́ jù. Ó rí ọmọ lọ́jà, àánú ṣe é, ó ra ọmọ, ó di ìyá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fi owó ra ọmọ ní ayé ogun, olówó ọmọ náà ni kó tó di ìyá rẹ̀. Ó lè fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, síbẹ̀ owó wà láàárín wọn. Nígbà tí gbèsè bá dé, ọmọ ẹni ni a ó fi pamọ́, ọmọ tí a rà ni ojú yóò kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn ẹbí ọkọ kò ní jẹ́ kó gbàgbé. Òwe kan wà tí wọ́n máa ń sọ, pé ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ fi òwe náà sẹ́nu orogún, kó sọ ọ́ níṣojú ọmọ, kí ọmọ náà gbọ́ ọ yé. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ìyá alágbàtọ́ yan ohun tó máa ṣe sí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ tó borí owó àti òwe ni yóò fún òǹkàwé lókun. Ìfẹ́ tí kò ní ohun kankan láti borí kò lè fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni obìnrin ṣe ń wá ọmọ nígbà náà. Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, nítorí inú wíwá ni ìtàn yín yóò ti rìn. Ó ń lọ sọ́dọ̀ oníbodè, nítorí kò sí èrò tó lè wọ ìlú tí kò ní kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń bi ẹgbẹ́ èrò tó ti Ìjàyè dé, ó ń bi aláàárù tó ti Badagry dé. Ó ń ná ọjà tí kò ní ohun tó fẹ́ rà níbẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ó rúbọ, ó padà lọ. Lẹ́yìn ọdún 1839 tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti gba òmìnira kúrò lóko ẹrú, bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé láti Freetown, ó ń lọ bi àwọn náà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wá èèyàn tiwọn pẹ̀lú.

Bó bá wá rí ọmọ ńkọ́? Owó ìràpadà nìyẹn. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ owó. Ọ̀kẹ́ kan ti tó ẹrù orí aláàárù kan. Kò sí obìnrin tó lè dá owó ìràpadà dì mọ́ ìdí aṣọ lọ ra ọmọ rẹ̀ padà lábẹ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni yóò rí aláàárù tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ọkọ yóò bi í pé níbo ló ti rí i, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù yóò mọ iye tí ìyá wọn kà sí orí ẹni tí kò bí. Ẹ rí i pé owó nìkan ti tó láti fi kọ orí ìwé kan gbáko.

Ohun kan tún wà tí n kò tíì rí òǹkọ̀wé kankan lò tó bó ṣe yẹ, òun ni ilà ojú. Bí ogun bá kó ọmọbìnrin kí wọ́n tó kọ ilà fún un, ojú rẹ̀ ṣófo nígbà tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́. Ìdílé ọkọ yóò ní kí wọ́n pe olóòlà wá, kí wọ́n fi àbàjà tàbí pélé tiwọn sí ọmọ náà lójú, kó lè di tiwọn délẹ̀délẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè pè é ní ẹrú mọ́. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí i bá kọjá lọ́jà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilà ìdílé mìíràn ni yóò rí, yóò sì gbé ojú kúrò. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ tí olóòlà ń bọ̀. Bó bá gbà, ọmọ di tirẹ̀. Bó bá kọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún obìnrin kan tí kò rí rí, tó lè wá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan nínú yín kọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn fún wa.

Ilà ojú ló sọ ìtàn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àìná fún àwọn tó rí i. Ọmọ Òkè Odàn ni, nílẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ogun Dàhómì pa ìlú náà run ní ọdún 1848, ó pa àwọn òbí rẹ̀, ó sì kó òun lọ sí Abomey, nígbà tó jẹ́ ọmọ bí ọdún márùn-ún. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ Gezo, Ọba Dàhómì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria, kí wọ́n má baà fi ọmọ náà rúbọ. Wọ́n fi orúkọ ọ̀gá náà àti ti ọkọ̀ rẹ̀ kún orúkọ ọmọ náà, ó di Sarah Forbes Bonetta. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ló dé iwájú ọbabìnrin ní Windsor.

Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀, ìyá mélòó lẹ rí? Ìyá tó kú ní Òkè Odàn. Ọbabìnrin tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1851, wọ́n rán an lọ sí Freetown nítorí ìlera rẹ̀. Ní ọdún 1855, wọ́n tún ní kó padà sí Ìlú Ọba. Ìgbà náà ni wọ́n fi í sílé James Schön, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó ti bá Àjàyí Crowther rin ìrìn àjò odò Ọya ní ọdún 1841. Ìyàwó Schön ló tọ́ Àìná dàgbà, òun ni Àìná ń pè ní “Mama” nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin oníṣòwò kan tí ń jẹ́ James Labulo Davies fẹ́ fi í ṣaya, tí ọkàn Àìná kò fẹ́, wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ “Mama” rẹ̀ lọ sí Brighton kó lọ ronú. Ní Brighton náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862. Ó bá ọkọ rẹ̀ padà sí Áfíríkà, wọ́n fìdí kalẹ̀ ní Èkó.

Àwọn tó ń sọ ìtàn Àìná fẹ́ràn ààfin. Ààfin kò jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin ilé Schön yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹni tó tọ́ ọmọ tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, tí àwọn aláṣẹ sì lè wá mú un nígbàkígbà. Ìyá alágbàtọ́ tó pàdánù ọmọ láì sí gbọ́mọgbọ́mọ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àìná fúnra rẹ̀ sì ń gbé Èkó, tí Òkè Odàn kò ju ìrìn ọjọ́ díẹ̀ lọ síbi tó wà. Ó bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní Victoria, ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì ọmọ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1880, ikọ́ àwúbì pa Àìná ní erékùṣù Madeira. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú náà kan ọmọ rẹ̀ lára, ọ̀dọ̀ ọbabìnrin ni ọmọ náà wà. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí yóò kọ ìwé yìí, n ó fi Windsor sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ewé mẹ́wàá, n ó sì fi ọgọ́rùn-ún ojú ewé fún Èkó, fún obìnrin tó mọ ọ̀nà ilé tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo alágbàtọ́ ni ọmọ ń yẹ. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, pàdánù ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ní nígbà tí ọmọ náà ń rọbí ní ọdún 1860. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi eré onítàn rẹ̀ hàn wá bí ọ̀fọ̀ ṣe lè sọ inú di òkúta. Ìwé ìtàn Samuel Johnson sì sọ fún wa pé nígbà tí Ààrẹ Látóòsà fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún 1874, Kúmúyìílọ́ ni wọ́n fún ní rìbá, ìyẹn ọmọ àgbàtọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn olókun inú kò gbọ́dọ̀ sá fún irú èyí. Kó jẹ́ kí ó wà nínú ìlú ìtàn rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò máa fi bẹ̀rù ba ìyá alágbàtọ́: “O ò rántí Ìyálóde ni?”

Nínú ìlú Ìbàdàn kan náà, ní Kúdẹtì, obìnrin kan wà tí kò bímọ, Anna Hinderer, ìyàwó míṣọ́nnárì David Hinderer. Ọdún 1853 ni wọ́n dé. Kò pẹ́ tí ilé amọ̀ wọn fi kún fún ọmọ: àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjòyè tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ láti kàwé, àwọn kan jẹ́ ọmọ tí ogun kó tí wọ́n rà padà. Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà Abẹ́òkúta láti ọdún 1860, tí owó àti oúnjẹ kò wọlé mọ́, ó ń ta ohun ìní ilé láti fi bọ́ àwọn ọmọ náà. Mo mọ̀ pé míṣọ́nnárì ní ètò tirẹ̀ tó bá wá, ẹ má sì jẹ́ kí ìwé yín sọ òyìnbó di olùgbàlà kan ṣoṣo. Ìyá tó ta ẹrù rẹ̀ ra ọmọ rẹ̀ padà láìní ìwé àkọsílẹ̀ pọ̀ ju míṣọ́nnárì lọ fíìfíì. Síbẹ̀ Anna kọ nǹkan sílẹ̀, ìwé tí wọ́n ṣà jọ nínú lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1872, ibẹ̀ ni a sì ti pàdé ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Ògúnyọmí.

Wọ́n mú Ògúnyọmí kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn Hinderer rà á padà, ó ń dàgbà nínú ọgbà Kúdẹtì. Ní Ìbàdàn yẹn kan náà, ìyá rẹ̀ wà láàyè, òun náà ti di ẹrú. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ìyá àti ọmọ bá ara wọn pàdé, wọ́n sì mọ ara wọn. Wọ́n ra ìyá náà padà, ó wá ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà náà.

Àfàlá náà rí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàyí tó ti di àlùfáà. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn, àwọn orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n fi ń pe ọmọ náà ní kékeré ló sì jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀. Wọ́n ti tún mú Àfàlá lẹ́rú láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n sì ti rà á padà. Ọdún 1883 ló tó kú. Ẹ gbọ́, ọmọ náà ti ń jẹ́ Samuel, ó ti wọ bàtà, ó ti gbọ́ èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lẹ́nu ìyá kò tíì yí padà. Èyí ló fi yẹ kí ìyá alágbàtọ́ inú ìwé yín bi ọmọ léèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, “Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?” Òun lè fún un lórúkọ tuntun, ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ohun tí a lè hun fún ọmọ ẹlòmíràn láti inú ìran tiwa. Bó bá bi í, tó sì ń fi oríkì yẹn pe ọmọ náà ní ìdájí, a jẹ́ pé ó gbà pé ọmọ yìí ní ibì kan tó ti wá. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá tún sọnù, oríkì yẹn ni yóò máa fi bèèrè rẹ̀ káàkiri, yóò sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ọjà tí ìyá àkọ́kọ́ ti ń ta ẹ̀kọ.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé àwọn ìpàdé méjì yìí ti dùn jù, pé ìyá tí kò rí ọmọ mọ́ láéláé ló pọ̀ jù. Òótọ́ ni, mo sì ń ṣọ̀fọ̀ wọn. N kò ní kí gbogbo ìwé parí sí ìpàdé. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìpàdé bá wà, ibẹ̀ kọ́ ni ìtàn parí. Ẹ padà sí Kúdẹtì. Àwọn obìnrin méjì ló wà nínú ọgbà kan náà wàyí, ọmọ kan ṣoṣo sì ń dáhùn sí ohùn méjèèjì. Ta ni yóò di irun ọmọ? Bó bá ṣàìsàn lóru, yàrá ta ni yóò sá lọ? Ìyá tó bí i ń bẹ̀rù láti bá a wí nítorí kò ní ilé, ìyá tó tọ́ ọ ń bẹ̀rù láti gbá a mọ́ra nítorí kò ní ẹ̀tọ́. Kò sí ogun tó le tó èyí nínú gbogbo ogun tí a ti ń kọ. Àwọn obìnrin tó borí rẹ̀, tí wọ́n jọ tọ́ ọmọ náà, àwọn ni mo fẹ́ bá pàdé nínú ìwé kí n tó kú.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú ìtàn yìí, orí kìíní sì ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú un jáde lálẹ́ òní. Ẹ wo obìnrin tó kọ́kọ́ bí ọmọ náà. Ṣé ó lórúkọ? Bí kò bá ní, ẹ padà lọ fún un lórúkọ, ẹ fún un ní ìlú, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ń ṣe àti ohùn tó fi ń kọrin, kí ẹ tó kọ orí kejì.